Ìlà Mẹ́rin Tí Ìyá Oníwèé Kò Kọ

Bí o bá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá yẹn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀, wàá rí obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ilẹ̀kùn àwọn dókítà. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn ènìyàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọn ẹnikẹ́ni mọ́. Báàgì aláṣọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìwé irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò wà lórí itan rẹ̀, bíírò wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í lè jẹ́ káfíńtà, ó lè jẹ́ ìyá arúgbó, ó lè jẹ́ ìyàwó ilé tí ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Aláìsàn ni, òun sì bá a wá kí ọ̀rọ̀ dókítà má baà bọ́ sílẹ̀ láàárín ọ́fíìsì àti ilé.

Ìyá Oníwèé ni gbogbo wọn ń pè é. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ránṣọ nínú ilé ìwòsàn yẹn kan náà, ní yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn. Òun ló ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì, òun ló ń lẹ èyí tó bá ya, òun ló ń gán okùn sẹ́yìn ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Nítorí náà, nígbà tó fẹ̀yìn tì tó sì padà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó bi í pé kí ló wá ṣe.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ kejì yìí láìmọ̀. Mẹkáníìkì ni, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ tí dókítà pè wọ́n wọlé tó sì sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ ń mi orí, ìyàwó náà ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀, ọkọ ní, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ wí?" Ìyàwó ní, "Mo rò pé ìwọ gbọ́ ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi dé. Dókítà ti ní kí wọ́n padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó pé oṣù kan ni wọ́n padà lọ, ó ti pẹ́ jù, ọkọ rẹ̀ sì kú. Ẹ̀rín ibùdókọ̀ yẹn ló ń dùn ún jù lọ títí dòní, ó dùn ún ju ẹkún gbogbo tó sun lẹ́yìn náà lọ.

Ohun tó wá di òfin rẹ̀ kò pọ̀. Kí ẹ tó wọlé, ẹ sọ ohun mẹ́ta tí ẹ fẹ́ bi dókítà, kí n kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò wá, àti èyí tí ẹ rà lójú pópó, àti èyí tí aládùúgbò fún yín. Báàgì aláṣọ yẹn wà fún ìyẹn: òun fúnra rẹ̀ ló rán àpò mẹ́ta sínú rẹ̀, ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́. Nínú àpò yìí ni wọ́n ti rí i pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì tí káfíńtà ń lò, oògùn kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí baba náà fi ń ṣubú nídìí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ pé ọtí ni.

"Ẹ má dà bí alángbá níwájú dókítà o," ló máa ń sọ fún wọn. "Alángbá ló ń mi orí sí ohun tí kò yé e. Bí kò bá yé yín, ẹ tẹ ẹsẹ̀ mi. Èmi á bi wọ́n, kí wọ́n rò pé èmi ni mo gọ̀."

Òfin tó gbẹ̀yìn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó dìde, yóò ṣí ìwé, yóò ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ka ohun tí mo gbọ́ sí yín létí." Á kà á. Bí dókítà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ní rárá, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìwé, ó ń kọ ọ́ láti etí dé etí, bí ẹni tó ń ṣọ́ aṣọ lò kó má baà ṣẹ́kù sílẹ̀. Àwọn dókítà mìíràn máa ń fi ṣeré. "Ẹ tún ọ̀rọ̀ yín ṣe o, Ìyá Oníwèé ti wọlé." Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí bí wọ́n bá rí ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni.

Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbà pé Ọlọ́run ló fi iṣẹ́ náà lé òun lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ ọjọ́ yẹn. Bó bá ti jí láàárọ̀, orí eékún ló ń lọ, orúkọ àwọn aláìsàn ọ̀sẹ̀ yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ dá níwájú Rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú ìwé kan náà.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a gbé. Ọdún méje ló fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun gan-an ń pè é ní Tíṣà bí gbogbo àdúgbò, nítorí ọdún mẹ́rìndínlógójì ni àbúrò yìí fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Ẹnì kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin, òun nìkan ló sì tọ́ ọ. Ọmọ náà ti lọ́kọ, ó wà ní ìlú tí ó gba ọkọ̀ ní ọjọ́ kan àti ààbọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ìwà tíṣà kò kúrò lára Tíṣà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti fi ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, á mú bíírò pupa, á bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yìí."

"Dókítà kà á, ó yé e."

"Dókítà kì í ṣe ọmọ kíláàsì mi."

Bí ohun tó kà bá dáa, á fa àmì pupa sí i, á kọ "Ó tọ̀nà" sábẹ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tọ̀nà ṣùgbọ́n tí ọmọ mú un wá lẹ́yìn ọjọ́ tí ó dá, ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń kọ: "Ó pẹ́." Gbogbo ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló bẹ̀rù ọ̀rọ̀ méjì yẹn ju pàṣán lọ, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Ọdún tí ọmọ rẹ̀ lóyún ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ní ayọ̀ ni. Ó ti ra bàsíà kékeré kan, ó ti ra ọṣẹ tí kì í ta lójú, ó ti ra tówẹ́ẹ̀lì rírọ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti sọ fún ọmọ náà pé òun ni yóò kọ́kọ́ wẹ ọmọ tuntun, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìyá ọkọ ṣíwájú òun wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń pọ́n bí ìyeyè, kò sì lè jẹun tán mọ́. Ìyá Oníwèé mú báàgì, ó mú ìwé, ó mú àbúrò rẹ̀, wọ́n lọ.

Kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀, òun ló ní kí Tíṣà tọwọ́ bọ ìwé kan pé ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún òun, wọ́n lè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n òun. Ohun tó ń kọ́ gbogbo aláìsàn rẹ̀ nìyẹn: ẹ yan ẹnì kan, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà ṣákolọ. Tíṣà tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Ta ni mo tún fẹ́ yàn, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin tí ẹ ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo wà ní jòjòló."

Ọjọ́bọ̀ kan ni èsì dé. Tíṣà wà nísàlẹ̀, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà pe Ìyá Oníwèé wọlé nìkan. Dókítà yìí máa ń bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le, ó sì ti bọ́ ọ kí obìnrin náà tó jókòó.

"Màmá, jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀," ló wí. "Kò sí oògùn tó lè wò ó sàn mọ́. Èyí tí a ní lè fà á sẹ́yìn fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba agbára lára wọn. Bí ibì kan bá wà tí wọ́n fẹ́ dé, kí wọ́n dé ibẹ̀ báyìí, kí a tó bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Oníwèé ti gbé bíírò lé ìwé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ìlà mẹ́rin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ yìí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó rántí ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ajé, níbi tí arábìnrin tó ń darí wọn ti ní kí onígbàgbọ́ má fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ibi sílẹ̀, nítorí ohun tí èèyàn bá ti kọ, ó ti gbà á nìyẹn. Kì í ṣe òun ni arábìnrin náà ń bá wí. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i lọ́kàn lásìkò tó ń wá ibi tó máa sá sí. Ó fo ìlà mẹ́rin. Lórí ìlà karùn-ún ó kọ ọ́ pé: "Oògùn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta."

"Ẹ ò ka tòní sí mi létí?" ni dókítà wí.

"Mo gbọ́ ọ, Dókítà. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ fún un. Àbúrò mi ni, mo mọ ibi tí màá gbé e gbà."

Dókítà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wọ gíláàsì rẹ̀ padà. "Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, mi ò ní gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, Tíṣà fi èjìká gbá a. "Kí ni wọ́n wí?"

"Oògùn ni wọ́n fẹ́ fún ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á máa kán an sínú iṣan."

"Ọmọ yìí máa bí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Àpótí mi ti wà nílẹ̀. Ṣé kí n lọ ná, kí n dé kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn wọn, àbí kí n gba oògùn ná?"

Ìbéèrè gbangba nìyẹn, irú èyí tó máa ń kọ́ àwọn aláìsàn láti bi. Ìyá Oníwèé wo ojú fèrèsé ọkọ̀. Ó ní, "Gba oògùn ná. Kí o fi ara líle dé ọ̀dọ̀ wọn. Ta ló fẹ́ kí o lọ máa dùbúlẹ̀ sí wọn lọ́rùn?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ni Tíṣà wí. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀, Màmá Ńlá, bí ọmọ náà ṣe ń pe Ìyá Oníwèé, ti ní kí òun gba ìtọ́jú ná, òun ń bọ̀ bó bá yá.

Bí ẹ bá bi Ìyá Oníwèé lọ́jọ́ yẹn pé ṣé ìgbàgbọ́ ló fà á àbí ìbẹ̀rù, kò ní lè dá yín lóhùn. Ó gbà pé Ọlọ́run lè wo ẹ̀dọ̀ sàn. Ó ti gbọ́ ẹ̀rí irú rẹ̀ létí ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ó ń dìde ní àfẹ̀mọ́jú ó ń ṣírò oore tó ti ṣe fún àwọn aláìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀, bí ẹni tó ń kó wọn lé orí tábìlì níwájú ẹnì kan, ojú sì ń tì í bó ṣe ń kó wọn.

Oògùn kìíní mú oúnjẹ kúrò lẹ́nu Tíṣà. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kú lẹ́yìn èkejì, tí kò fi lè fi bàtà rìn láìwolẹ̀. Dókítà pàdé Ìyá Oníwèé nídìí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ṣé Tíṣà ti gbọ́ ohun tí mo sọ?" Ó ní, "Wọ́n ti gbọ́." Bó ṣe rọrùn tó láti sọ bà á lẹ́rù. Dókítà ní, "Wọ́n lọ́kàn o, tí wọ́n ṣì yàn láti gbà á." Ó mi orí. Ó mi orí bí alángbá.

Ọmọ Tíṣà bí láàárín oògùn kejì àti ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ tuntun náà jáde, obìnrin ni, ìyá rẹ̀ kò sì lè wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tíṣà gbọ́ igbe rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ohùn olórí kíláàsì nìyí." Ó rẹ́rìn-ín, ó sùn lọ lórí ẹ̀rín náà.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn oògùn kẹta, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Aṣọ ibùsùn tó wà lórí rẹ̀, Ìyá Oníwèé mọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Òun ló rán an.

Ọ̀sán ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó abọ́ kúrò ni, Tíṣà kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú ìwé yín wá kí n máàkì í. Ọwọ́ ń yún mi."

"Sinmi."

"Ìsinmi ti sú mi. Ẹ mú un wá, bíírò pupa wà nínú báàgì mi."

Ó gbé e fún un. Ó rò ó pé kò ní lè kà ju ojú ìwé kan lọ. Tíṣà ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, ó ń fa àmì síbí, ó ń fa àmì sọ́hùn-ún, títí ó fi dúró. Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú.

"Ojú ìwé yìí kò pé," ló wí.

"Èwo?"

"Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi nísàlẹ̀. Ìlà mẹ́rin wà lófìfo. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ̀wé dé etí. Àmì yín náà kò sí níbẹ̀, ẹ ò kà á sí i létí." Ó gbé ojú sókè. "Kí ni dókítà sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Ìyá Oníwèé ń tún aṣọ orí ibùsùn tẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi aṣọ bo ọ̀rọ̀. Kí ni ó sọ?"

Ó sọ ọ́. Gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ, bí wọ́n ṣe jáde lẹ́nu dókítà gan-an, nítorí kò sí ọ̀kan tó gbàgbé nínú wọn. Nígbà tó dé ìkẹrin, èyí tó ní kí wọ́n lọ ibi tí wọ́n bá fẹ́ lọ báyìí, ó dá a dúró láàárín. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì parí rẹ̀.

Tíṣà wo ìta fèrèsé. Ẹnì kan ń sá aṣọ níbẹ̀.

"Mo bi yín nínú ọkọ̀," ló wí.

"O bi mí."

"Ẹ ní kí n gba oògùn ná."

"Mo rò pé Ọlọ́run..."

"Ẹ má kó Ọlọ́run sí i." Kò pariwo. "Ẹ bá mi parọ́."

"Mi ò kàn kọ ọ́ ni, Tíṣà. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ mi kọ ọ́."

"Ṣé ọwọ́ yín ló ń pa mí ni?" Ó dúró kó mí. "Ẹ kọ ọ́ fún ìyá arúgbó, ẹ kọ ọ́ fún káfíńtà, ẹ kọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ó wá kan èmi, ẹ di alángbá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ní, ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè rìn nígbà yẹn. Mo lè gbé bàsíà."

Ìyá Oníwèé kúnlẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀gbọ́n ńlá fún àbúrò, láàárín yàrá tí ènìyàn mẹ́wàá ti ń wò ó. Tíṣà kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde.

Nígbà tó ṣe, ó ti ìwé náà sí i. "Ẹ kọ ọ́. Kí ẹ pe dókítà, kí ẹ kà á sí i létí lójú mi. Bí ẹ ti ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn ni kí ẹ ṣe fún mi."

Ó kọ ọ́ sínú ìlà mẹ́rin náà, ó bá wọn mu rẹ́gí. Dókítà wá. Ó gbọ́ ọ bí obìnrin náà ṣe ń kà á, ó wo aláìsàn, ó wo ìwé, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ." Lẹ́yìn náà ó fa àga, ó jókòó sẹ́bàá orí Tíṣà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ló yẹ kí n sọ ọ́ fún. Èmi náà jẹ̀bi."

"Mo ní ìbéèrè mẹ́ta," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ṣé mo ṣì lè wọ ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi?"

"Rárá, Tíṣà."

"Bí mi ò bá gba oògùn tó kù ńkọ́?"

"Kò ní yí nǹkan padà púpọ̀ mọ́. Ara á tiẹ̀ tù yín díẹ̀."

"Ṣé mo lè lọ sílé?"

Dókítà wo Ìyá Oníwèé. Ó ní, "Bí ẹni tó máa bójú tó yín bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ lè lọ."

"Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe," ni Tíṣà wí. "Ìgbà kan péré ni wọ́n gbàgbé."

Ọjọ́ méjì ni Ìyá Oníwèé fi sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bí kò ṣe sáré rí. Ó gba oògùn ìrora, ó bi wọ́n pé mélòó, ìgbà wo, kí ni kí òun ṣe bí ìrora bá padà dé kí àsìkò oògùn tó tó. Ó gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá wò ó nílé. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tuntun, nítorí ti àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Tíṣà, ó kà á sí wọn létí, ó sàmì sí i. Ilé ni wọ́n gbé Tíṣà lọ, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn níbi tí àpótí wà. Ìyá Oníwèé ti fẹ́ gbé àpótí náà pamọ́. Tíṣà ní kó fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ọmọ rẹ̀ pè lórí fóònù tó ń fi ojú hàn. Ó gbé bàsíà sórí ilẹ̀, ó gbé ọmọ tuntun sọ́wọ́. Ìyá Oníwèé ló di fóònù mú. Tíṣà ń sọ ọ́ fún un, ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ: "Fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi. Di ọrùn rẹ̀ mú. Ọrùn, mo ní ọrùn. Má bẹ̀rù rẹ̀, ó mọ̀ bí o bá ń bẹ̀rù." Ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ ń ké, Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán náà dúró gbagidi lójijì, ọmọ wà lókè omi, ọwọ́ ìyá lábẹ́ ọrùn rẹ̀, kò sì lọ mọ́. Tíṣà ń wò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má tíì pa á.

Ọjọ́ kọkànlá ló kú, lọ́sàn-án, láìsí ìrora. Gbogbo ohun tó yẹ kí Ìyá Oníwèé ṣe ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Àwọn ẹgbẹ́ àdúrà wá, wọ́n ní Olúwa ló fi fún ni, Òun náà ló gbà á. Ó ní àmín. Ó ń lọ sórí eékún láàárọ̀ síbẹ̀. Ó ń dárúkọ àwọn aláìsàn, ó ń dé ibì kan, á dákẹ́. Kò sọ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ó kàn ń bi ara rẹ̀ pé ta ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn tí kò di òun lẹ́nu mú.

Ọmọ Tíṣà dé nígbà tí ọmọ tuntun pé ọ̀sẹ̀ méje. Ó gbé e sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Màmá Ńlá, mo fẹ́ rí ìwé náà. Màámi ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀."

Ìyá Oníwèé gbé e fún un. Ó lè ya ojú ìwé yẹn kúrò, ó ti rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò ya á. Òun gan-an kò tíì ṣí i láti ọjọ́ tó kà á níwájú dókítà, ìwé tuntun ló ń lò láti ìgbà náà.

Ọmọ náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó kà á tán, ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè, ó fi ìka ka ọ̀sẹ̀. "Wọ́n sọ èyí kí wọ́n tó fún wọn ní oògùn kìíní."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màámi pè mí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ní kí àwọn gba ìtọ́jú ná."

"Èmi ni."

"Wọn ò mọ̀."

"Wọn ò mọ̀. Mi ò sọ fún wọn."

Ọmọ náà yí ìwé náà kí obìnrin náà lè rí i. Lábẹ́ ìlà mẹ́rin tí wọ́n fi bíírò dúdú kọ, àmì pupa kan wà, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọwọ́ tí kò lágbára mọ́ ṣe ń fà á. Ó ní láti jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni Tíṣà ti ṣe é, nígbà tí òun ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó tọ̀nà. Ó pẹ́.

Ọmọ tuntun jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ṣí àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé bàsíà jáde, ó gbé ọṣẹ jáde, ó lọ bu omi gbígbóná láti ilé ìdáná. Ìyá Oníwèé na ọwọ́ láti gbé ọmọ. Ìyá ọmọ kò gbé e fún un. Òun fúnra rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ wo omi, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ọrùn ọmọ, ó gbé e sínú omi díẹ̀díẹ̀, omijé ń kán sí i.

Nígbà tó ṣe, láìwo ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ bá mi na tówẹ́ẹ̀lì yẹn, Màmá Ńlá."

Ìyá Oníwèé mú tówẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ojú ọ̀run náà. Ó tú u kúrò ní kíká, ó tẹ́ ẹ sórí apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì dúró dè wọ́n.